Orúkọ Wo Ni Kí A Pe Ọdún Náà? Ìbéèrè Yín lórí Ìpolówó Ọjà Nígbà Ọdún Àwọn Ará Éṣíà

Lẹ́tà tó pọ̀ ló dé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ìpolówó, àwọn tó ń ya àwòrán sára páálí ọjà, àti àwọn tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ohun kan náà ló ń dà wọ́n láàmú: bí iléeṣẹ́ ṣe lè kí èèyàn kú ọdún tí kì í ṣe ọdún tirẹ̀, kí ẹni tó ni ọdún má sì rò pé wọn ò ka òun sí. A yan àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú ìbéèrè náà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọọdún la máa ń jiyàn ní ọ́fíìsì wa: ṣé “Lunar New Year” (ọdún tuntun tí wọ́n fi òṣùpá kà) ni ká kọ ni, àbí “Chinese New Year” (ọdún tuntun Ṣáínà)? Ọ̀gá wa ní ká ṣáà máa lo ti àkọ́kọ́ níbi gbogbo, pé kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Orúkọ tó yẹ ń yí padà bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ṣe ń yí padà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ibi tí ìpolówó yín ń lọ kí ẹ tó yan orúkọ ọdún.

Àwọn ará Ṣáínà, Kòríà àti Vietnam sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún wọn lọ́jọ́ kan náà, láàárín ọjọ́ 21 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù Kejì. Ní 2026, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ni. Àmọ́ Chunjie ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà, Seollal ni ní Kòríà, Tết sì ni ní Vietnam. Losar àwọn ará Tibet àti Tsagaan Sar ti Mòǹgólíà wà nítòsí, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà tiwọn yàtọ̀, nígbà míì ó lè fi odindi oṣù kan yàtọ̀. Ti Jàpáànù kò sí níbẹ̀ mọ́, torí pé láti 1873 ni wọ́n ti gbé ọdún tuntun wọn lọ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ìpolówó tó bá fi kimono, aṣọ Jàpáànù, sábẹ́ “Lunar New Year” ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ìpolówó kan ṣoṣo lẹ ní fún onírúurú èèyàn, “Lunar New Year” ló yẹ. Òun náà ni Àpéjọ Gbogboogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lò ní oṣù Kejìlá 2023 nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ náà kún ọjọ́ ìsinmi tí òṣìṣẹ́ lè yàn, òun sì ni òfin ìpínlẹ̀ California lò ní 2022. Bó bá jẹ́ Singapore tàbí Màléṣíà lẹ ti ń tajà, “Chinese New Year” ló wà nínú kàlẹ́ńdà ìsinmi ìjọba níbẹ̀, ẹ lò ó láìbẹ̀rù. Ní Indonéṣíà, Imlek ni. Tó bá sì jẹ́ pé ará Vietnam nìkan ló máa ka ìpolówó náà, ẹ kọ Tết. Orúkọ gbogboogbò kò wúlò fún wọn.

Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni ohun tí wọ́n máa ń kó sábẹ́ orúkọ yẹn. Iléeṣẹ́ á kọ “Lunar New Year” gàdàgbà sókè, àmọ́ ijó kìnnìún Ṣáínà, fìtílà pupa Ṣáínà àti ìkíni Ṣáínà nìkan ló máa wà nísàlẹ̀. Ará Kòríà tó bá wò ó á rí i pé orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ará Ṣáínà náà á rí i pé wọ́n kó gbogbo àṣà òun lò tán, wọ́n wá yọ orúkọ òun kúrò. A gbà pé ó sàn kéèyàn kọ “Chinese New Year” ní gbangba sórí àwòrán Ṣáínà ju kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ bá yan orúkọ gbogboogbò, ẹ jẹ́ kí nǹkan gbogboogbò wà lábẹ́ rẹ̀: oúnjẹ orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìkíni èdè mẹ́ta, tàbí kí ẹ fi ohun tí gbogbo wọn jọ ní ṣe é, bí ìpadàbọ̀ sílé, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, òdòdó ìgbà ìrúwé.

Ní oṣù Kìíní 2023, British Museum ní London ṣe ayẹyẹ Seollal, wọ́n sì pè é ní “Korean Lunar New Year” lórí ìkànnì wọn. Ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà fárígá pé wọ́n ti gba ọdún àwọn fún ẹlòmíì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, wọ́n sì fi àwòrán Ṣáínà pẹ̀lú àmì “Chinese New Year” síta. Lójú tiwa, “Seollal” nìkan ì bá ti tó. Orúkọ náà pé, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ipò.

Ẹ má ṣe mú déètì orílẹ̀-èdè kan lò fún òmíràn. Ní 2007, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ni Vietnam ṣe Tết, Ṣáínà ṣe tiwọn ní ọjọ́ 18. Ìdí ni pé aago Hanoi fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Beijing: nígbà tí oṣù di tuntun, aago méjìlá òru kò tíì lù ní Hanoi, ó sì ti lù kọjá ní Beijing. Kàlẹ́ńdà ìsinmi ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò.

Ìkíni náà ní tirẹ̀. “Xinnian kuaile” ni Mandarin, èdè tó gbilẹ̀ jù ní Ṣáínà, “Chúc mừng năm mới” ni ti Vietnam. “Gung hei fat choy” jẹ́ ti Cantonese, èdè tí wọ́n ń sọ ní Hong Kong, àdúrà ọrọ̀ sì ni. Iléeṣẹ́ báńkì lè lò ó dáadáa, àmọ́ kò bá ilé ìwòsàn mu tó bẹ́ẹ̀. Fún ará Kòríà, “Saehae bok mani badeuseyo” ni kí ẹ kọ tán. Ìparí rẹ̀, -seyo, ni ọ̀wọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ bá gé e kúrò kó lè wọ inú àwòrán, iléeṣẹ́ ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ àtọmọdé.

Ìbéèrè: Ehoro la yà sára ọjà wa ní 2023. Oníbàárà kan láti Vietnam ní ọdún ológbò ni. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹranko méjìlá ni wọ́n fi ń sọ ọdún lórúkọ, ọ̀kan fún ọdún kan, ní ìyípo. Níbi tí Ṣáínà àti Kòríà ti ń ka ehoro, ológbò ni Vietnam ń kà. Níbi tí wọ́n ti ń ka akọ màlúù, ẹfọ̀n ni ti Vietnam. Ọdún 2026 kò ní wàhálà, ẹṣin ni fún gbogbo wọn. Ọdún 2027, tó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kejì ní Ṣáínà àti Vietnam, àmọ́ ọjọ́ 7 ní Kòríà, ló gba àkíyèsí: ewúrẹ́ ni Vietnam, àgùntàn ni Kòríà, Ṣáínà sì ń lo méjèèjì. Ẹ ṣètò àwòrán méjì. Ẹfọ̀n máa padà ní 2033, ológbò ní 2035.

Àwọn tó ń ṣe eré “Ẹranko wo ni tìẹ?” sórí ìkànnì sábà máa ń ṣe àṣìṣe kan: wọ́n á jẹ́ kí kóòdù ka ọdún láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1990, ejò ni tirẹ̀, torí ọjọ́ 27 oṣù yẹn ni ọdún ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi déètì tí ọdún kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sínú kóòdù náà, kí ẹ sì bi èèyàn ní ọjọ́ àti oṣù ìbí, kì í ṣe ọdún nìkan.

Ìbéèrè: A fẹ́ fi káàdì Diwali ránṣẹ́. Ẹnì kan ní ká má dárúkọ ohunkóhun, ká kàn kọ “ọdún ìmọ́lẹ̀”. Ẹlòmíì ní ọdún Híńdù ni, ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹni àkọ́kọ́ yọ orúkọ ọdún náà kúrò, ẹni kejì sì ti ọ̀pọ̀ ọlọ́dún síta. Lóòótọ́, ẹlẹ́sìn Híńdù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Àmọ́ àwọn Sikh ń ṣe Bandi Chhor Divas lákòókò kan náà, wọ́n ń rántí bí Guru Hargobind, aṣáájú ẹ̀sìn wọn, ṣe jáde lẹ́wọ̀n ní Gwalior pẹ̀lú ọmọ ọba 52. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń rántí bí Mahavira, olùkọ́ àgbà wọn, ṣe rí ìdáǹdè ìkẹyìn. Ní Bengal, òrìṣà Kali ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Nepal, Tihar ni, ọjọ́ márùn-ún gbáko, wọ́n sì ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún kannakánná, fún ajá àti fún màlúù. Deepavali ni àwọn Tamil ń pè é, orúkọ yẹn náà ló sì wà nínú kàlẹ́ńdà Singapore àti Màléṣíà.

Torí náà, ẹ dárúkọ ọdún, ẹ má sọ ẹ̀sìn ẹni tó ń kà á fún un. “Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tan fìtílà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kú ọdún Diwali” ti tó. Ẹ sá fún “Kérésìmesì àwọn ará Íńdíà”, ó ń fi ọdún wọn wọn ọdún ẹlòmíì. Ẹ sì sá fún “ọdún tuntun Íńdíà”: àwọn ará Gujarat ń bẹ̀rẹ̀ ọdún lọ́jọ́ kejì Diwali, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Déètì Diwali kò dúró lójú kan, alẹ́ tí oṣù kò yọ rárá nínú oṣù Kartik ti kàlẹ́ńdà Híńdù ni. Ní 2024, alẹ́ yẹn wọ ọjọ́ méjì, àwọn kan ṣe é ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn kan ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Ní 2026, ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ni. Ẹ má kọ “Ọjọ́ Diwali lónìí” sórí ímeèlì. Ẹ kọ “lọ́sẹ̀ Diwali yìí”, kò ní sí ẹni tẹ́ ẹ máa kí lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ tà, ẹ gbé ìpolówó jáde ṣáájú Dhanteras, ọjọ́ tó ṣí ọdún náà, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń ra wúrà àti ohun èlò onírin.

Ní 2021, Fabindia, iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Íńdíà, pe àkójọ aṣọ kan ní “Jashn-e-Riwaaz”, orúkọ tí wọ́n yá látinú èdè Urdu. Àwọn kan bínú pé wọ́n ń fi èdè àwọn Mùsùlùmí pe Diwali. Iléeṣẹ́ náà yọ ìpolówó náà kúrò, ó ní àkójọ Diwali kọ́ nìyẹn. Lójú tiwa, Urdu kò ba Diwali jẹ́, Íńdíà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ látayébáyé. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi yan orúkọ kan sílẹ̀ kí ìpolówó tó jáde, kí ọ̀gá àgbà sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ẹ máa dúró lé bí ariwo bá ta.

Ti àwòrán: fìtílà amọ̀ àti rangoli, ọnà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wà fún gbogbo ọlọ́dún. Àwòrán òrìṣà Lakshmi tàbí Ganesha kò gbọ́dọ̀ wà lára bàtà, aṣọ abẹ́lẹ̀, ẹní ẹsẹ̀, tàbí páálí tí wọ́n máa ya sọ sí ààtàn.

Ìbéèrè: Ṣé “Asian” nìkan kò tó, tí a ò bá fẹ́ ṣìnà?

Ìdáhùn: Kò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh ni ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ ń mú wá sọ́kàn èèyàn. Ìgbà ìkànìyàn 2011 ni wọ́n tó gbé àwọn ará Ṣáínà sí abẹ́ rẹ̀ ní England àti Wales. Ní Amẹ́ríkà, ará Ṣáínà, Kòríà tàbí Jàpáànù ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbólóhùn kan náà á sọ ohun méjì ní ìlú méjì. “Oriental” (ará Ìlà-Oòrùn) ní tirẹ̀, ẹ má lò ó fún èèyàn rárá. 2016 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Orí ayélujára ni oníṣẹ́ ọnà wa ti ń ra àwòrán. Kí ló yẹ ká yẹ̀ wò kí ìpolówó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé?

Ìdáhùn: Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí àwọn tó ń ta àwòrán máa ń kọ “Asian” sí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Hanbok ti Kòríà ní okùn gbọọrọ tí wọ́n so ní àyà, yẹ̀rì rẹ̀ sì fẹ̀ láti àyà wá sílẹ̀. Qipao ti Ṣáínà fún mọ́ra, ọrùn rẹ̀ ga, bọ́tìnnì rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ àyà. Áo dài ti Vietnam là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti ìbàdí, ṣòkòtò fífẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi hanbok sábẹ́ àkọlé Ṣáínà, ẹ ń tọ́ ibi tó ń dun ará Kòríà. Ìbínú ńlá ló ṣẹlẹ̀ ní Kòríà nítorí hanbok tó fara hàn bí aṣọ ẹ̀yà Ṣáínà níbi ìṣíde Òlíńpíìkì Beijing ní 2022.

Ẹ wá wo àpòòwé owó. Pupa ni hongbao ti Ṣáínà àti lì xì ti Vietnam. Ní Kòríà, àpòòwé funfun tàbí èyí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló wọ́pọ̀. Ní Màléṣíà, ti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ bá ń fi àpòòwé funfun ránṣẹ́ sí ará Ṣáínà lásìkò ọdún, ti òkú lẹ fi ránṣẹ́ yẹn. Òdòdó chrysanthemum funfun náà, ti ìsìnkú ni. Ẹ má ki igi ìjẹun bọ àárín ìrẹsì ní òòró. Ẹ má ta ọjà ní mẹ́rin-mẹ́rin, torí iye yẹn dún bí ikú ní èdè Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù. Ẹ má sì fi tádàwà pupa kọ orúkọ oníbàárà Kòríà sórí káàdì.

Ìkọ̀wé ló máa ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, torí ojú ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè rí i. Fọ́ǹtì tó ń gé ABC bíi pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi fà á, kó lè “jọ ti Ṣáínà”, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ ṣe àwọn èèyàn náà yẹ̀yẹ́. Èdè Vietnam ń gbé àmì méjì lórí lẹ́tà kan, bíi ti inú Tết. Fọ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà yẹn á fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀, tàbí kó mú lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn tó nípọn jù. Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà sí NFC, ìlànà kọ̀ǹpútà tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ di ẹyọ kan, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ sínú àwòrán, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù gidi. Àwa tó ń kọ èdè olóhùn mọ ohun tí àmì tó sọnù ń ṣe sí ọ̀rọ̀.

Ìkọ̀wé Ṣáínà ní ọ̀nà méjì: èyí tí wọ́n dín kù ni wọ́n ń lò ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, Singapore àti Màléṣíà, ti àtijọ́ ni wọ́n ń lò ní Taiwan, Hong Kong àti Macau. Lórí ìkànnì, ẹ fi àmì lang, tó ń sọ èdè tí ọ̀rọ̀ jẹ́ fún kọ̀ǹpútà, sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: zh-Hans fún ti Ṣáínà tí wọ́n dín kù, zh-Hant fún ti àtijọ́, ja fún Jàpáànù, ko fún Kòríà. Nọ́ńbà kan náà nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè, ni èdè wọ̀nyí jọ ń lò fún ọ̀pọ̀ lẹ́tà, bí ẹ kò bá fi àmì yẹn sí i, fóònù lè fi ojú Jàpáànù hàn níbi tí ẹ ti ń bá ará Ṣáínà sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí lẹ́tà po nítorí ẹwà. Lẹ́tà 福 (“oríire”) ni ẹ sábà máa rí lódì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé e bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ẹnì kan dábàá pé ká ṣa orúkọ tó bá jọ ti ará Ṣáínà tàbí Íńdíà látinú àkójọ oníbàárà, ká kí àwọn yẹn nìkan.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń jẹ́ Lee lè jẹ́ ará Kòríà, ará Ṣáínà, tàbí ará Amẹ́ríkà tí baba ńlá rẹ̀ kò dé Éṣíà rí. Ọ̀pọ̀ ará Íńdíà jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí. Ní Yúróòpù, òfin wà níbẹ̀: abala 9 GDPR, òfin Yúróòpù lórí ìsọfúnni èèyàn, fi ààbò àkànṣe sórí ìsọfúnni tó bá ń tú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn èèyàn síta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. Nínú ojú ewé àkáǹtì rẹ̀, ẹ to orúkọ ọdún sílẹ̀, kó fọwọ́ kan èyí tó fẹ́.

Ẹ tún fún un láǹfààní láti yẹra. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ fi ìlà kan ránṣẹ́: “Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ nípa Tết lọ́dún yìí, ẹ tẹ ibí.” Ìdílé tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọdún, kò sì yẹ kí wọ́n pàdánù ímeèlì yín yòókù nítorí ẹyọ kan.

Ìbéèrè: A ń tajà ní Táílándì, a sì fẹ́ lo ìpolówó Songkran wa fún àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká.

Ìdáhùn: Ọ̀sẹ̀ kan náà ni, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Songkran ti Táílándì, ọdún tuntun tí wọ́n ti ń wọ́nmi síra wọn lára, máa ń wáyé ní ọjọ́ 13 sí 15 oṣù Kẹrin. Cambodia, Laos àti Myanmar ń ṣe ọdún tuntun tiwọn ní nǹkan bí ọjọ́ wọ̀nyẹn, Thingyan sì ni ti Myanmar. Àwọn Sinhala àti Tamil jọ ń ṣe tiwọn ní Sri Lanka, ẹ dárúkọ àwọn méjèèjì. Pohela Boishakh ni ti Bangladesh, ọjọ́ 14. Vaisakhi wà fún àwọn Sikh, wọ́n ń rántí ìdásílẹ̀ Khalsa, ẹgbẹ́ àwọn Sikh tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, ní 1699, kì í ṣe ọdún ìwọ́nmi rárá. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ń dá lórí ìbọn omi nìkan, ẹ ti fi ojú eré wo ọdún tí àwọn ọmọ ń fi omi wẹ ọwọ́ àgbà.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ọjọ́ pàtàkì la lè fi “ẹ kú ọdún” sí?

Ìdáhùn: Rárá. Qingming ti Ṣáínà, ní ọjọ́ 4 tàbí 5 oṣù Kẹrin, jẹ́ ọjọ́ ìtọ́jú ibojì. Obon ti Jàpáànù jẹ́ ti àwọn tó ti kú. Ashura jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí Ṣíà. Ẹ má ta ẹ̀dínwó lọ́jọ́ wọ̀nyí. Ìsọfúnni pé ṣọ́ọ̀bù ti tì, tàbí pé ẹrù máa pẹ́, ti tó.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ wò, ìgbà wo sì ni? Bí àṣìṣe bá sì ti jáde ńkọ́?

Ìdáhùn: Èèyàn méjì tó ń ṣe ọdún náà, ní ìlú tí ìpolówó ń lọ. Ẹ má di ẹrù náà ru òṣìṣẹ́ kan torí pé òbí rẹ̀ ti ibẹ̀ wá; ẹni tí a bí ní London lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Seoul lónìí. Ẹ sanwó fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ọdún, ẹ yan orúkọ àti ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán hàn wọ́n pọ̀, torí gbólóhùn tó dára lè bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí kò bá a mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó wọ ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá pè wọ́n nígbà tí páálí ti jáde ń wá ẹni tó máa bá òun gba ẹ̀bi ni.

Bó bá ti jáde, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: “A fi aṣọ Kòríà sórí ìkíni Ṣáínà. Àṣìṣe wa ni, a ti yọ ọ́.” Ẹ má kọ “bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú”, ó ń gbé ẹ̀bi lé ẹni tó bínú lórí. Ẹ má pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ti ya àwòrán rẹ̀. Ẹ gbé àtúnṣe jáde lọ́jọ́ náà gan-an ní èdè tí àṣìṣe fi jáde, kí ọdún tó kásẹ̀ nílẹ̀: ti Ṣáínà ń gùn dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìsinmi Seollal sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré.